Oúnjẹ Tí Ó Ń Dúró Nínú: Bí A Ṣe Lè Dín Ìwọ̀n Ara Kù Láìfi Ebi Pa Ara Wa

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí. Kì í ṣe ti àìrí oúnjẹ jẹ ni a ń wí lọ́tẹ̀ yìí, bí kò ṣe ti oúnjẹ tí a jẹ tí kò dúró nínú, àti ti àwọn tí wọ́n gbà nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn pé kí wọ́n dín sísanra kù, ṣùgbọ́n tí ebi kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú ni èyí: "Mo gbìyànjú o. N kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, n kò mọ ìgbà tí mo jẹ abọ́ ẹ̀bà méjì." Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá náà tún gun òṣùwọ̀n, ó sì rí i pé ńṣe ni òun tún tẹ̀wọ̀n sí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì gbà pé ara òun ni kò gba oògùn. Ara rẹ̀ kọ́ ni ó lẹ́bi. Irú oúnjẹ tí ó ń jẹ, ọ̀nà tí ó ń gbà jẹ ẹ́ àti àkókò tí ó ń jẹ ẹ́ ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí Mọ́níyà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Láti Ìjàyè dé Ìrókò, láti Ìkéreku dé Arúlógún, ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbìn. Nígbà tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, tí wọ́n ń kọ ebè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, abọ́ ọkà ńlá kò lè ṣe wọ́n ní ibi. Oòrùn àti ọkọ́ ni ó ń bá wọn ná agbára inú ọkà náà tán.

Lónìí, ọ̀nà ti là. Ọ̀kadà ń gbé ènìyàn dé ẹnu oko. Ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, ń gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jókòó sí ìsọ̀, tí ó ń wakọ̀, tí ó ń ránṣọ, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ ara ti dín kù, ṣùgbọ́n òkèlè kò dín. Ohun tí ó tún wá burú sí i ni pé a ń ta ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso tí a gbìn, a sì ń fi owó rẹ̀ ra búrẹ́dì funfun, bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ibi tí àrùn àtọ̀gbẹ, tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ fi wọn ìbàdí yín ní ọ̀gangan ìdodo. Bí ó bá lé ní sẹ̀ǹtímítà 80 fún obìnrin, tàbí sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin, ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ọ̀rá tí ó pọ̀ jọ sí ikùn léwu fún ara ju èyí tí ó wà ní itan lọ. Aboyún kì í fi téèpù yìí wọn ara rẹ̀.

ÌRÌN ÀJÒ OÚNJẸ NÍNÚ ARA

Ẹnu ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Eyín a máa lọ̀ ọ́, itọ́ a sì máa rẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, yóò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú àpòlúkù, èyí tí í ṣe àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Níbẹ̀ ni oje kíkan ti ń yọ́ ọ, tí iṣan àpò náà sì ń po ó pọ̀ títí yóò fi dà bí ògì. Ẹnubodè kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù tí ó ń jẹ́ kí oúnjẹ jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun kékeré.

Ìfun kékeré gùn tó mítà 6. Ibẹ̀ ni òróòro tí ó ti ara ẹ̀dọ̀ wá àti àwọn oje mìíràn ti ń parí iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba agbára inú oúnjẹ. Ohun tí ara kò lè lò yóò kọjá sínú ìfun ńlá, tí ó gùn tó mítà kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń fa omi kúrò lára rẹ̀ kí ó tó di ìgbẹ́.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ gbogbo èyí? Ní ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alexis St. Martin. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ihò kan ṣẹ́kù tí ó la ara já dé inú àpòlúkù. Dókítà William Beaumont, tí ó tọ́jú rẹ̀, so ẹran, búrẹ́dì àti ẹ̀fọ́ mọ́ okùn, ó ń sọ wọ́n kalẹ̀ sínú ihò náà, ó sì ń fà wọ́n jáde láti wo bí wọ́n ti dà tó. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1833 fi hàn pé oje inú àpòlúkù ni ó ń yọ́ oúnjẹ, àti pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìyára tirẹ̀.

Ìyára yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Omi lásán kì í pẹ́ ní àpòlúkù rárá. Oúnjẹ líle a máa lo wákàtí 2 sí 4 kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú rẹ̀.

ÌYÁRA MÉJÌ TÍ KÒ YẸ KÍ Á DÀ PỌ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bèèrè pé: ṣé kí oúnjẹ tètè dà ni ó dára ni, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìyára méjì ni ó wà. Ó dára kí oúnjẹ pẹ́ ní òkè, kí ó sì yára ní ìsàlẹ̀.

Bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀ nínú àpòlúkù, a kì í tètè ní ebi, ṣúgà inú rẹ̀ a sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá yára kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tíì tí a da ṣúgà sí tàbí búrẹ́dì funfun lásán, ṣúgà yóò ru gùdù sínú ẹ̀jẹ̀, yóò tún já wálẹ̀, ebi yóò sì tún dé ní wákàtí díẹ̀ sí i.

Ní ti ìfun ńlá, ìdàkejì ni. Bí ìdọ̀tí bá pẹ́ jù níbẹ̀, yóò gbẹ, yóò le, ènìyàn yóò sì máa fi agbára yàgbẹ́. Èyí wà lára ohun tí ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ní ọdún 1972, Dókítà Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọn iye wákàtí tí oúnjẹ fi ń la inú já láti ẹnu dé ìdí. Láàárín àwọn ará abúlé Uganda, ó súnmọ́ wákàtí 36. Láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìgbàlódé, ó lé ní wákàtí 80. Ohun tí ó wà nínú oúnjẹ ará abúlé tí kò pọ̀ nínú ti ará ìlú ni Burkitt tọ́ka sí: ohun náà ni fáíbà.

Kí ni fáíbà? Òun ni apá ara ewéko tí oje inú wa kò lè yọ́. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni èyí tí ó ń yọ̀, tí ó ń fà bí ewédú àti ilá. Ó wà nínú ẹ̀wà pẹ̀lú. Ó ń mú kí oúnjẹ ki, kí ó sì rọra jáde kúrò ní àpòlúkù. Èkejì ni èyí tí ó rí gáràgàrà, gẹ́gẹ́ bí èèpo ẹ̀wà, èèpo àgbàdo àti okùn ara ewé ẹ̀fọ́. Ó ń fa omi mọ́ra, ó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kí ó sì tètè jáde. Nítorí náà, fáíbà kan náà ni ó ń bá wa ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ó ń dá oúnjẹ dúró lókè, ó sì ń lé ìdọ̀tí lọ nísàlẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ KÍ ÈNÌYÀN YÓ PẸ́

Ní ọdún 1995, Susanna Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney ní Australia fún àwọn ènìyàn ní oríṣi oúnjẹ 38 jẹ. Agbára inú gbogbo oúnjẹ náà dọ́gba. Ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn, fún wákàtí 2, wọ́n ń bèèrè bí àwọn tí ó jẹun ṣe yó sí. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n pè é ní 100. Pòtétò sísè ni ó gba ipò kìíní, ó lé ní 300. Ẹja àti ọsàn lé ní 200. Ohun dídùn alọ́ràá tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti bọ́tà ṣe ni ó kẹ́yìn, kò tó 50. Agbára kan náà ni gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n àyó wọn yàtọ̀ gan-an.

Ẹ̀bà àti àmàlà kò sí nínú ohun tí wọ́n dán wò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ wúlò fún wa. Àwọn ohun tí ó ń mú kí oúnjẹ dúró nínú nìwọ̀nyí:

1. Omi àti títóbi oúnjẹ. Oúnjẹ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹ̀fọ́, ilá, ìgbá àti ìbẹ́pẹ, ń gba àyè nínú àpòlúkù láìfi agbára púpọ̀ kún ara. Bí awọ àpòlúkù bá ti nà, iṣan yóò jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ó tó.

2. Amúaradàgbà. Èyí wà nínú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹran, wàrà àti ẹpà. Nínú gbogbo èròjà oúnjẹ, òun ni ó ń pa ebi pẹ́ jù.

3. Fáíbà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé.

4. Jíjẹ lẹ́nu. Ohun tí a jẹ lẹ́nu ń mú ni yó ju ohun tí a mu lọ. Ní ọdún 1977, àwọn oníwádìí kan ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ènìyàn 10 ní èso ápù. Nígbà kan wọ́n jẹ ẹ́ lódindi, nígbà kejì wọ́n jẹ ẹ́ ní gígún, nígbà kẹta wọ́n mu oje rẹ̀. Èyí tí wọ́n jẹ lódindi ni ó yó wọn jù. Oje rẹ̀ ni kò yó wọn tó.

5. Ọ̀rá díẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rá ń dá oúnjẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Agbára inú ọ̀rá ju ìlọ́po méjì ti ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà lọ. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní agbára tó kálórì 120. Ṣíbí kan tó nínú ọbẹ̀ ẹnìkan.

OÚNJẸ TIWA-N-TIWA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara kù ní láti tún ètò yìí tò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní láti sá fún oúnjẹ ilẹ̀ baba rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa wá oúnjẹ òkè òkun kiri.

Ẹ wo àbùlà tí Ìbàdàn fi ń yangàn. Ẹ̀wà tí a bó ni gbẹ̀gìrì, ó kún fún amúaradàgbà. Fáíbà tí ó ń yọ̀ wà nínú ewédú. Méjèèjì jẹ́ ohun tí ó ń dá oúnjẹ dúró nínú. Níbo ni ìṣòro wà? Ìṣòro wà nínú pé a ń bu òkìtì ọkà, a sì ń fi ìwọ̀nba ọbẹ̀ tẹ̀ lé e, tí epo ọbẹ̀ ata sì léfòó. Ẹ yí i padà: kí ọkà tó ìkúùkù ẹni kan, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú kún abọ́.

Ẹ̀wà ni ọba oúnjẹ fún ẹni tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin ẹ̀wà gbígbẹ ló jẹ́ amúaradàgbà. Láàárín Òjòó sí Mọ́níyà, ní àgbègbè wa níhìn-ín, ni ilé ìwádìí IITA wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ wà lára irúgbìn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ̀wà bá ń wú yín nínú, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fi omi tuntun sè é. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí inú lè mọ̀ ọ́n lára. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ nítorí òróró tí a fi ń dín àkàrà.

Nígbà tí a bá ń ṣe ògì, a máa ń sẹ́ eèrí rẹ̀ kúrò, a ó sì kó o fún ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú eèrí yẹn ni fáíbà àgbàdo wà. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ gbígbóná mímu, pàápàá tí a da ṣúgà sí, kì í fi í pẹ́ nínú. Ẹ̀kọ tútù tí a fi ewé pọ́n sàn jù ú lọ, nítorí pé bí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá tutù tí ó dì, apá kan nínú rẹ̀ a máa ṣòro fún oje inú láti yọ́. Bí a bá wá fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́, ó di oúnjẹ gidi. Àgbàdo sísè tí a jẹ lódindi tún dára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti gàrí mímu, omi ni ó ń wú u, ènìyàn yóò sì rò pé òun ti yó. Ṣùgbọ́n gàrí àti ṣúgà nìkan kì í dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ yọ ṣúgà kúrò, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ẹpà kan àti ẹja tàbí wàrà sí i, kí gàrí náà má ju ìdajì ife lọ.

Ọsàn pẹ̀lú ń kọ́? Àṣà wa ni pé kí á bẹ orí rẹ̀, kí á fa omi inú rẹ̀ mu, kí á sì sọ èyí tí ó kù nù. Apá tí ó ń mú ni yó ni a ń sọ nù yẹn! Ẹ bó o, kí ẹ sì jẹ ẹran inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, gúáfà, àgbálùmọ̀ àti máńgòrò ní àsìkò wọn. Ṣùgbọ́n ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí ìmutíì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní fáíbà tàbí amúaradàgbà kankan nínú. Ẹni tí ó bá mu ún, ó ti jẹun láìyó.

BÍ A ṢE Ń JẸUN

Kì í ṣe ohun tí a jẹ nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ìròyìn àyó tó dé ọpọlọ dáadáa. Òkèlè wa kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi eyín lọ̀, gbígbémì ni. Ẹni tí ebi ń pa lè gbé abọ́ ẹ̀bà mì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì tún bu òmíràn kí ọpọlọ tó mọ̀ pé èkíní ti wọlé. Nítorí náà:

Ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tàbí ẹja bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, kí òkèlè tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe òkèlè ní kékeré. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja lẹ́nu dáadáa. Bí ẹ bá jẹ abọ́ kan tán, ẹ mu omi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ óò bù sí i.

Àkókò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní ilẹ̀ Japan ṣàwárí ohun kan tí àpòlúkù ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n pè ní ghrelin. Òun ni ó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní àkókò tí oúnjẹ ti mọ́ ni lára, á sì lọ sílẹ̀ bí a bá ti jẹun. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé bí ènìyàn bá fi oúnjẹ dídínkù sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kalẹ̀, ghrelin a máa pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe wọ̀bìà ni ó ń yọ ìyálọ́jà lẹ́nu. Ara ni ó ń jà fún ara rẹ̀. Bí a bá fi ebi lù ú, yóò lù wá padà ní alẹ́. Bí a bá ń fún un ní oúnjẹ tí ó ń dúró ní àkókò tí kò yẹ̀, yóò fara balẹ̀.

Oorun náà wà lára rẹ̀. Ẹni tí kì í sùn tó, ebi a máa pa á ju bí ó ti yẹ lọ, ohun dídùn ni ọkàn rẹ̀ yóò sì máa fà sí.

ÀPẸẸRẸ OÚNJẸ ÒÒJỌ́

Ẹ fojú inú pín abọ́ yín sí mẹ́rin. Kí apá méjì jẹ́ ẹ̀fọ́, ewédú, ilá tàbí ìgbá. Kí apá kan jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran tí kò lọ́ràá. Kí apá kan yòókù jẹ́ ọkà, ẹ̀bà, iṣu tàbí ìrẹsì.

Òwúrọ̀, kí ẹ tó lọ sí ọjà tàbí oko: ẹ̀kọ tútù kan àti mọ́ínmọ́ín ńlá kan, tàbí abọ́ ẹ̀wà sísè tí epo rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀sán: ọkà tó ìkúùkù kan, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja. Ẹ jẹ ọsàn kan lé e.

Ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán wákàtí 2 sí 3 kí ẹ tó sùn: ègé iṣu sísè méjì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ rírò kún abọ́, àti ẹyin sísè kan.

Bí ebi bá dé láàárín: ẹ̀kúnwọ́ ẹpà kan, ìgbá díẹ̀, tàbí èso.

Ẹ máa mu omi déédéé, nítorí pé bí fáíbà bá pọ̀ tí omi kò tó, inú yóò dì. Ẹ máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.

Ẹ má ṣe kánjú. Ìdajì kìlógíráàmù sí kìlógíráàmù kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 90, bí ó bá lè sọ 4 sí 5 péré kalẹ̀, ó lè rí ìyàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÁ OÚNJẸ DÍN KÙ FÚNRA WỌN

Aboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé àti arúgbó tí ara rẹ̀ ti ń rù kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀, tàbí tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Bí ó bá lo oògùn tí kò sì jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá ààlà. Àmì rẹ̀ ni òógùn tútù, gbígbọ̀n, òòyì, àti kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà mu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí ẹ ní àìsàn yìí, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ DÍẸ̀ ÀTI ÌDÁHÙN WỌN

Ṣé tíì àti àgbo tí ó ń fọ inú lè mú ni fọn? Rárá. Ìfun ńlá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lé, nígbà tí ara ti gba agbára oúnjẹ tán nínú ìfun kékeré. Omi ara ni ó ń jáde. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi ń lọ sílẹ̀ lónìí tí ó sì ń padà lọ́tùn-únla. Bí a bá ń lò ó lemọ́lemọ́, ó lè da omi àti iyọ̀ ara rú.

Ṣé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sanni lára? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí kò tíì pọ́n dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Bí ẹ bá bu òkìtì rẹ̀, òkìtì náà ni yóò wọ ara yín.

Ṣé oúnjẹ alẹ́ ni ó ń fa ìsanra? Iye oúnjẹ tí a jẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni ó ṣe kókó jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹun láàárọ̀ sábà máa ń jẹ àjẹjù lálẹ́, bí ó bá sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, oje kíkan lè gòkè wá, kí àyà máa ta á.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín nítorí pé ẹ fẹ́ ní ìlera. Oúnjẹ tí yóò mú yín yó tí kò ní ṣe yín ní ibi wà nínú oko yín àti lórí àtẹ ọjà yín. Ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín, kí wọ́n wọn ìwọ̀n ara yín, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé yìí dání, kí ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ kà á sétí àwọn tí kò mọ̀wé kà nínú agboolé yín pẹ̀lú. Ìlera ni ọrọ̀.